Àgò Tí Ọdẹ́jìnmí Kọ́ fún Ìyàwó àti Àna

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ kọjá orí ògiri. Ẹni tó ń hó ẹ̀pà, kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ kó sì tètè padà, torí èmi kì í sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni mo pa. Mo máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ogbó ni kì í jẹ́ kí n rántí pé mo ti sọ ọ́. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò tó fi jẹ àgbàdo sísun, ṣùgbọ́n ahọ́n kò ní eegun, kì í ká.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́jìnmí ni, ọdẹ ìlú Ìgbójayé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lójú gbogbo wa lábẹ́ àtíbàbà àwọn ọdẹ, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú. Ọkùnrin náà lè fúnnu! Ó ní òun yìnbọn fún ẹfọ̀n kan rí, ẹfọ̀n náà dúró, ó dúpẹ́, kó tó ṣubú. Ó ní tí ìgbín bá ń yí èrò rẹ̀ padà lábẹ́ ewé, òun máa ń gbọ́ ọ. A ó rẹ́rìn-ín, èmi a sì rẹ́rìn-ín débi pé n ó fún ìdí pọ̀, kí ohun tí kò yẹ láwùjọ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Àwẹ̀ró, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀, ẹ̀rín a sì kú lẹ́nu wa.

Àwẹ̀ró ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jìnmí bí. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó ni òun àti Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i bí. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ọdẹ́jìnmí pa awọ́nríwọ́n kan létí odò, abo ńlá, ẹran tó jọ alángbá tí ọ̀ọ̀nì bá gbé ẹ̀jẹ̀ fún. Àwẹ̀ró, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, tọ ipa ẹran náà dé ìdí ọ̀gán, ó tú ilẹ̀, ó bá ẹyin níbẹ̀. Ó kó wọn sínú eérú gbígbóná lẹ́yìn ààrò ìyá rẹ̀. Méjì pa nínú wọn.

Ó sọ ọ̀kan ní Ìyàwó, torí tó bá ń rìn, a máa tẹ orí ba bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé. Ó sọ èkejì ní Àna, torí pé a máa jẹ, a máa yó, a sì nu ẹnu nù láìdúpẹ́. Àṣàkẹ́ ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ tí o kò tíì rí ọkọ, o ti ń bú àna!" Ọmọ náà ní, "Mò ń fi èyí kọ́ṣẹ́ ni, Ìyá mi." Awọ́nríwọ́n méjèèjì dàgbà títí wọ́n fi gùn ju ẹsẹ̀ ọkùnrin lọ, ìrù wọn sì lè gbá ajá lulẹ̀. Ìdí ẹní Àwẹ̀ró ni wọ́n ń sùn. Tó bá lọ sódò, wọ́n á wọ́ tẹ̀lé e, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì sá bẹ́ sínú omi taṣọtaṣọ.

Ìgbà tí àwọn alárenà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan yà sílé nítorí Àwẹ̀ró ni ibà kan wọlé, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibà náà kò gbọ́ àgbo, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

"Bàbá mi," ni ọmọ náà wí, "tí n kò bá sí, wọ́n á pa wọ́n jẹ. Ẹ bá mi kọ́ ilé fún wọn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ní ẹ gbọ́. Ẹ ò ní ẹ ó kọ́ ọ."

"N ó kọ́ ọ. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ rí láyé yìí ni n ó kọ́ fún wọn."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ìfúnnu yín." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ mọ àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀ títí tí yóò fi kú. Àwọn èwe ló ń gbé e lọ, wọn a sì padà dé bí ẹni pé oko ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ti Ọdẹ́jìnmí àti Àṣàkẹ́ mọ́ yàrá, àwa obìnrin sì jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Ìdí mi yìí nìkan tó dí ilẹ̀kùn méjì. A jókòó síbẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ìgbójayé ló mọ ibi tí Àwẹ̀ró wà, àfi ẹni méjì.

Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àgò. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ hun èyí tó kọ́kọ́ kọ́, Àna fi ìrù gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó ya bí aṣọ ògbólógbòó. Ó fi ọparun kọ́ òmíràn, ó gún un le dáadáa, Ìyàwó fi èékánná gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá ibẹ̀ jáde. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde, Fátókun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, ló ń gbé wọn padà wá nínú agbọ̀n.

"Ẹ wo ọdẹ tí ẹran ń sá mọ́ lọ́wọ́ nínú ilé ara rẹ̀!" ni Fátókun ń pariwo láti òkèèrè.

"Ẹlẹ́nu ṣákálá. Níbo lo ti rí wọn?"

"Ìdí igi ìyeyè, lẹ́yìn ilé mi. Wọ́n nà gbalaja sínú oòrùn bí ọmọ ọba."

"Ó dára. Tó bá di ìgbà mìíràn, èmi ni n ó wá mú wọn fúnra mi."

Ẹ̀rín a sì gbẹ lẹ́nu Fátókun. "Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ kò dùn mí. Jókòó sílé rẹ." Bí Ọdẹ́jìnmí bá sì ṣe bí ẹni fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀, ẹnìkan a ti pè é kó wá bá òun wo ìbọn, ẹlòmíràn a ní kó wá jẹun. Ọdẹ́jìnmí rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹlẹ́yà ni.

Àmọ́ nígbà tí Ìyàwó àti Àna bá wà níta, wọ́n ń jẹ ẹyin adìẹ, wọ́n sì ń gbé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mì. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jìnmí. Ó ní, "A bá ọ kẹ́dùn, ọdẹ. Omi kò tíì gbẹ lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìlú kò lè máa bọ́ ẹran inú igbó. Tí a bá jẹ iṣu tuntun tí wọn kò sì tíì ní ilé tí wọ́n á gbé, ìkòkò ọbẹ̀ ni ilé wọn."

Ni Ọdẹ́jìnmí bá fi amọ̀ mọ ògiri, ó to òkúta sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣe àjà lé e. Wọn kò jáde mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹun mọ́. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ara wọn tutù, ojú wọn rẹ̀. Ẹyin ni o, ìgbín ni o, wọn kò kàn án. Ó rí i pé ikú ló ń bọ̀, pé kò sì sí ìyàtọ̀ láàrin àgò òun àti ìkòkò Baálẹ̀.

Ó ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé lẹ́yìn Igbó Ìpè ni Ìlú Ayáoòrùn wà, níbi tí awọ́nríwọ́n ti ń jọba, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń mú irú wọn dúró. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká.

"O fẹ́ fi mí sílẹ̀ nínú ilé yìí lémi nìkan?" ni Àṣàkẹ́ bi í.

"Mò ń lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ilé ni."

"Ilé wo? Ṣé èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí, o ti rí i pé ó kún?" Lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Máa lọ. N ó máa kán omi sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n má pẹ́, torí omi kì í ṣe oúnjẹ."

Bí ó ṣe rìn tí ẹsẹ̀ fi wú, ẹ má bi mí. Ẹni tó fẹ́ mọ ọ̀nà, kó lọ rìn ín. Ibi tí ilẹ̀ ènìyàn parí sí ni ó ti pàdé iwin kan tó ń bọ̀, àbí tó ń lọ, kò lè sọ, torí ojú iwin náà wà níwájú, ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, ẹ̀yìn ló sì fi ń rìn.

"Ta nìyẹn?" ni iwin náà wí.

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni! Èmi tí ẹkùn rí tó ní òun kò jẹ ẹran mọ́. Èmi tí erin ń bá jà tó ń pe ìyá rẹ̀..."

"Ó tó. Ẹnulẹ́yìn ni mò ń jẹ́, ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìdá mi lóhùn. Kí ló ń mú ẹran dúró, tí kì í ṣe okùn, tí kì í sì í ṣe ògiri?"

Ọdẹ́jìnmí bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi ẹja ní ọ̀nà odò! "Ìbẹ̀rù ni," ló wí.

Ẹnulẹ́yìn na ọwọ́ gba ìbọn rẹ̀, ó fi ẹnu sí ẹnu ìbọn náà, ó fa nǹkan kan jáde bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn eegun, ó gbé e mì. "O ṣì í. Mo ti gba ohùn ìbọn rẹ." Ọdẹ́jìnmí gba ìbọn padà, ó yìn ín wò. Ìbọn náà wúkọ́ húkẹ́húkẹ́ bí arúgbó tí èéfín bá lára. Ó dà bí ìgbà tí èmi bá jí láàárọ̀.

"Ó dára, ebi ni! Ibi tí oúnjẹ wà lẹran ń dúró sí."

"O tún ṣì í." Iwin náà fi ìka kan kàn án létè. "Mo ti gba ìfúnnu rẹ."

Ọdẹ́jìnmí la ẹnu láti bi í pé ta ló rò pé òun ń bá ṣeré, òsúkè ló jáde. Ó tún gbìyànjú láti ka iye ẹfọ̀n tó ti pa, òsúkè. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá mọ ọkùnrin yìí mọ̀ pé ì bá sàn fún un kí wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lọ.

"Ìdáhùn kan ló kù fún ọ," ni Ẹnulẹ́yìn wí. "Má sọ ọ́ nísinsìnyí. Ìgbà tí o bá ń padà bọ̀ ni kí o sọ ọ́ fún mi. Tí o bá tún ṣì í, orúkọ ọmọ rẹ ni n ó gbà kúrò lórí ahọ́n rẹ, o kò sì ní lè pè é mọ́ láéláé."

Iwin náà ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ láàrin igi, kò sì kọsẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ké sí i pé, "Báwo lo ṣe ń mọ ibi tí ò ń lọ?"

"N kì í rí ibi tí mò ń lọ," ni ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo máa ń débẹ̀."

Ó wọ Igbó Ìpè. Nínú igbó yìí, igi kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn ẹnìkan tó ti lọ. Òfin sì wà tí wọ́n ń fi sọ́kàn gbogbo ọmọ ọdẹ kó tó gbé ìbọn: a kì í jẹ́ ìpè inú igbó. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, gbòǹgbò a sì so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é, ó kọjá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ pè é, tó tún bú u bí ó ti máa ń bú u, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọjá. Ìgbà náà ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò tíì so èso rí, sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Bàbá mi, ẹ fún mi lómi."

Ó fi eyín di ahọ́n mú títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó di igi náà mú bí ẹni di ọmọ mú.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni? Níbo ni wọ́n gbé mi sí?"

Ó sọ fún wa pé ohun tó gba òun là níbẹ̀ kì í ṣe òfin ọdẹ. Ó ní òun ti la ẹnu. Ó ní tí òun bá mọ ibi tí wọ́n gbé e sí ni, òun ì bá sọ fún un, kí òun sì di igi. Ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbà á ni pé kò ní èsì. Nígbà tó fi jáde nínú igbó náà, kò sí irun dúdú kan lórí rẹ̀ mọ́.

Ìlú Ayáoòrùn kò ní òrùlé. Òkúta pẹlẹbẹ ni ilé wọn, àwọn ará ìlú sì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì rìn, wọ́n ró aṣọ, wọ́n sì ń yọ ahọ́n tó là sí méjì láti fi tọ́ ìròyìn wò nínú afẹ́fẹ́. Ọdẹ́jìnmí fẹ́ lọ kí wọn bí àgbà ti ń kí àgbà. Ibi tó gbé ẹsẹ̀ kejì lé ni tàkúté ti mú un, ó gbé e sókè, ó fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó fi tàkúté dẹ gbogbo ẹran ayé, òun ló ń yí bírí lórí okùn bí ẹran gbígbẹ yẹn!

Ọdẹ awọ́nríwọ́n kan, abàmì ńlá tó ní àpá lójú, dé. Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó ti gbó jù. Àfi ká sè é pẹ́."

"Bàbá mi, ẹ fún mi!" Ọmọbìnrin rẹ̀ ló sáré tẹ̀lé e yẹn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lorúkọ rẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe kéré! Mo fẹ́ máa sìn ín."

"Ènìyàn kì í ṣe ohun ọ̀sìn. Wọ́n máa ń rùn, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun."

"N ó máa wẹ̀ ẹ́. Kékeré ni n ó máa pè é."

Kékeré! Ọdẹ́jìnmí fẹ́ sọ fún wọn pé òun ni ẹkùn rí tó sá, òsúkè ló tẹ̀lé òsúkè. Inú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùn, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́, Bàbá mi, ó ń kọrin!"

Báyìí ni ọdẹ Ìgbójayé ṣe di ẹran ọ̀sìn. Ọmọ náà kọ́ àgò ẹ̀ka igi fún un, Ọdẹ́jìnmí gùn ún jáde, wọ́n sì mú un padà. Ọmọ náà gbẹ́ kòtò fún un, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá jókòó ti kòtò náà, ó ń wò ó, ó ń ronú. Nígbà tó dìde, ó kọ́ òmíràn. Ó gbé òkúta sí ibi tí oòrùn ń kọ́kọ́ là, ó fi ewé ṣe ibòòji sí ìhà kejì, kí Kékeré lè sá lọ síbẹ̀ tí ara bá gbóná. Ó ri ìkòkò fífọ́ mọ́lẹ̀, ó bu omi sí i. Ó gbé ìtì igi oníhò kan síbẹ̀ tí a lè wọ̀ lọ fara pamọ́. Ó kó ilẹ̀ rírọ̀ sí i, ó ní ẹni tí kò bá lè walẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ń wo ohun gbogbo, ó ń kó o sórí. Ọgbọ́n tó wá wá náà nìyẹn, inú rẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ.

Síbẹ̀ kò lè jẹun. Àfi tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá jókòó ti ọgbà náà, tó fi ẹ̀yìn tì í, tó ń dá orin kọ, ni yóò bu díẹ̀ sẹ́nu. Tó bá ti lọ, oúnjẹ a di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Kékeré, ṣé àgò mi kò dára ni?"

"Ó dára. Ó dára ju èyí tí mo kọ́ lọ."

"Kí ló wá dé tó o fi ń rù?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti ibà náà, ti Ìyàwó àti Àna, ti ilé tó ṣèlérí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ ọ dé òpin.

"Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde," ló wí níkẹyìn, "níbo ni wọ́n lọ?"

"Ìdí igi ìyeyè kan, lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ mi."

"Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"N kò mọ̀. N kì í débẹ̀. Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ, wọ́n á ní kí n jókòó. Fátókun a ní kí n jókòó. Gbogbo ìlú ló máa ń ní kí n..."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Òun tó lè mọ ipa ẹsẹ̀ eku lórí àpáta! Lójú rẹ̀ ni ẹran méjì ti ń tọ ipa ọmọ rẹ̀, òun ni kò rí i. Wọn kò sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ olówó wọn ni wọ́n ń lọ. Ìlú kò sì fi í ṣẹlẹ́yà rí. Wọ́n ń di ojú rẹ̀ fún un ni, pẹ̀lú àwàdà, pẹ̀lú oúnjẹ, pẹ̀lú "jókòó, ọ̀rẹ́ mi." Ó fi iwájú orí lélẹ̀, ó sunkún bí kò ti sun ún lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró kú.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣí ilẹ̀kùn àgò náà. "Máa lọ kí n tó yí ọkàn padà. Ṣé o ó padà wá wò mí?"

"Rárá, ọmọ mi."

"Irọ́ ì bá dùn ún gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó mú awọ kan jáde, awọ ara rẹ̀ tó bọ́, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì lágbára bí okùn. "Ìgbà tí wọ́n mú ọ wá ni mò ń bọ́ èyí. Mú un lọ, kí nǹkan tèmi lè wà lára rẹ."

Ó tún gba Igbó Ìpè kọjá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà tún bi í pé, "Bàbá mi, níbo ni wọ́n gbé mi sí?" Ìgbà tó ń lọ, àìmọ̀ ló gbà á. Nísinsìnyí ó mọ̀ ọ́n, ó sì ní láti gbé e mì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ mì rí, ẹ mọ bí ó ti ń wọ́ ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹnulẹ́yìn ń dúró dè é. "Kí ló ń mú ẹran dúró, tí kì í ṣe okùn, tí kì í sì í ṣe ògiri?"

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ibi tó bá wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé."

Iwin náà pọ̀ ohùn ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó dá ìfúnnu rẹ̀ padà, orúkọ Àwẹ̀ró sì kù sí ibi tó wà. Ọdẹ́jìnmí kò fúnnu. Ó dúró, ó wo bí iwin náà ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn lọ, ó wò ó títí igi fi bò ó.

Nígbà tó délé, àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó iṣu tuntun bọ̀ láti oko. Àṣàkẹ́ jókòó nínú àgò amọ̀ náà, orí Ìyàwó lórí itan rẹ̀ kan, orí Àna lórí èkejì, ó ń fi ewé kán omi sí wọn lẹ́nu. "Wọ́n ṣì ń mí," ló wí. Ọdẹ́jìnmí ké ọparun, ó gbẹ́ èèkàn, ó lọ́ okùn, ó di gbogbo rẹ̀ jọ, ó wá lọ bá Fátókun.

"Fátókun, n kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Má dá mi lóhùn nǹkan kan. Mo fẹ́ kọ́ àgò sí ìdí igi ìyeyè ẹ̀yìn ilé rẹ."

Fátókun dì í lọ́wọ́ mú. "Ọ̀rẹ́ mi... Ojú rẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀."

"Ta ló ní ojú mi ń lọ? Ẹ̀yìn mi ló ń lọ."

Ó mú awọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde láti fi di ojú. Àṣàkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi eyín ya á sí méjì, ó fún un ní ìdajì. "Ṣé ìwọ nìkan lo bí i ni?" Wọ́n di ojú wọn. Fátókun fa ọkọ lọ́wọ́, èmi fa ìyàwó, àwọn méjèèjì sì ń fi ẹ̀yìn rìn, àwọn ọ̀dọ́ gbé agbọ̀n ẹran tẹ̀lé wọn. Ìkòkò omi fífọ́ wà lórí Àṣàkẹ́, ìdí rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bá igi ìyeyè pàdé, gbì! Omi dà sí wa lórí, èmi àti òun. "Ta ló gbin igi síbí?" ló pariwo. Ẹ̀rín pa wá. A rẹ́rìn-ín títí tí a fi gbọ́ pé kì í ṣe ẹ̀rín là ń ṣe mọ́.

Baálẹ̀ sáré dé, ó ní, "Èèwọ̀! Ọdẹ́jìnmí, èèwọ̀ ni!"

"Bàbá, ẹ wò mí dáadáa. Kí lojú mi rí?"

Baálẹ̀ wo awọ tó dì í lójú. Ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà tó kọ sí ibi tí ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ sí. Ó tẹ̀ ba, ó gbé èèkàn kan, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ kọ́ àgò náà lẹ́yìn ara rẹ̀, kò yíjú lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀, ó ń gún èèkàn, ó ń di okùn. Ó béèrè ibi tí oòrùn ń là sí, ó gbé òkúta síbẹ̀. Ó ri ìkòkò mọ́lẹ̀, ó fi ewé ṣe ibòòji. Ìgbà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ kan tó ga díẹ̀, tó rọ̀. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rọra kúrò, ó lọ mú okùn.

Wọ́n tú Ìyàwó àti Àna sílẹ̀. Wọ́n wọ́ lọ sórí ilẹ̀ gíga náà, wọ́n nà gbalaja. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ìyàwó gbé orí, ó jẹ ẹyin kan. Ọdẹ́jìnmí àti Àṣàkẹ́ jókòó sílẹ̀ níta, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ọgbà náà. Ni Àna bá dìde, ó rìn wá, ó ki orí gba àárín ọparun, ó gbé àgbọ̀n lé èjìká ọkùnrin náà, ó sì fi ahọ́n lá a létí.

Àwẹ̀ró kò dé ilé ọkọ. A kò sin ìyàwó jáde nílé yẹn rí, àna kankan kò sì wá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa ní náà ló wà nínú ọgbà yẹn.

"Kí ló ń ṣe ọ́ létí?" ni Àṣàkẹ́ bi í nínú òkùnkùn ojú dídì rẹ̀.

"Àna ni. Ó ń dúpẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń di ojú lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, ìkòkò Baálẹ̀ sì wà lófìfo. Tí Ọdẹ́jìnmí bá sọ ìtàn yìí dé òpin lábẹ́ àtíbàbà, a máa na ọrùn, a sì dá ìfúnnu rẹ̀ sílẹ̀: "Ta ni nínú gbogbo ẹ̀yin ọdẹ tó kọ́ ilé tí ojú rẹ̀ kò rí rí? Ẹ fi hàn mí! Èmi nìkan ni!"

Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn.

Ibi tí ìtàn náà jókòó sí nìyẹn, èmi kò ní gbé e dìde. Ẹ fà mí lọ́wọ́, ìdí mi ti kú. Tí ẹ bá sì ń gba ẹ̀yìn ilé Fátókun kọjá lọ, ẹ kí wọn jẹ́jẹ́.